Sítáàṣì inú omi gbágùúdá: ta ni yóò rà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Gàrí ni èmi àti àwọn ọmọ mi ń ṣe. Bí a bá fún gbágùúdá tí a rin, tí omi rẹ̀ sì tòrò, nǹkan funfun kan máa ń silẹ̀ sí ìdí ike. Wọ́n ní sítáàṣì ni, àti pé àwọn iléeṣẹ́ oògùn ń rà á. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Sítáàṣì ni, ìyá wa. Ẹyọ ṣúgà tíntìntín ló so kọ́ra wọn lọ gbọọrọ tí ó fi di sítáàṣì, omi tútù kò sì lè yọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń silẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní gbà yín níyànjú láti gbé e lọ sí iléeṣẹ́ oògùn. Iṣẹ́ méjì ni sítáàṣì ń ṣe nínú oògùn oníhóró: wọ́n a sè é bí ẹ̀kọ láti fi so ìyẹ̀fun oògùn pọ̀, wọ́n a sì po gbígbẹ rẹ̀ mọ́ ọn, kí ó lè fa omi, kí ó wú, kí ó sì tú hóró náà ká nígbà tí ó bá dé inú aláìsàn. Èyí tí ó ti kan, tàbí tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, kò yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn alágbàfọ̀ àti àwọn tí ń fi lẹ páálí ni kí ẹ kọ́kọ́ bi. Ẹ má sì gbàgbé àwọn aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo: ẹ̀kọ gbágùúdá tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sí ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ, ibi tí ó bá sì bò kò ní mu aró. Làfún ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀, nítorí náà ẹ fún wọn ní díẹ̀ dán wò ná.

Ọjọ́ tí ẹ bá fún gbágùúdá náà gan-an ni kí ẹ kó o. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, ẹ da omi mímọ́ lé e, ẹ rò ó, ẹ jẹ́ kí ó silẹ̀, kí ẹ sì da omi orí rẹ̀ nù, títí omi náà yóò fi mọ́ tí kò ní rùn mọ́. Oòrùn ni kí ẹ sá a sí, ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́; bí ẹ bá yan án lórí iná nígbà tí ó ṣì tutù, yóò di ẹ̀kọ mọ́ yín lọ́wọ́. Èyí tó dára máa ń dún bí a bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́.

Ní ti omi tí ẹ dà nù, májèlé gbágùúdá yọ́ sínú rẹ̀, kíkó sítáàṣì kúrò kò sì mú un kúrò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ewúrẹ́ mu ún, ẹ má sì dà á sódò. Ẹ gbẹ́ kòtò fún un, níbi tó jìnnà sí kànga.