Èsì: Ṣé líìgì kan ṣoṣo ni Regionalliga àwọn obìnrin Jámánì?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ṣé líìgì kan ṣoṣo ni Regionalliga àwọn obìnrin Jámánì, àti pé ṣé ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ lè dé Bundesliga, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin tó ga jù lọ ní Jámánì.

Márùn-ún ni wọ́n. Agbègbè ni wọ́n fi pín in: Nord, Nordost, West, Südwest àti Süd. Ìpele kẹta ni gbogbo wọn wà, lábẹ́ 2. Bundesliga tó jẹ́ ìpele kejì.

Ẹgbẹ́ ibẹ̀ lè dé òkè dáadáa! Ẹ wo Hamburger SV, ẹgbẹ́ kan ní ìlú Hamburg. Lọ́dún 2012, ọ̀rọ̀ owó ló mú kí wọ́n yọ ikọ̀ obìnrin wọn kúrò ní Bundesliga. Kì í ṣe pé àwọn ọmọbìnrin náà fìdí rẹmi lórí pápá. Ọdún 2023 ni wọ́n tó gòkè láti Regionalliga Nord, nígbà tó sì di 2025, wọ́n ti padà sí Bundesliga. Inú mi dùn sí i gan-an, àmọ́ ó ṣì ń dùn mí: agbábọ́ọ̀lù tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 2012 ti lé ní ọgbọ̀n kí wọ́n tó padà débẹ̀.

Tí ẹ bá rí "II" lẹ́yìn orúkọ ẹgbẹ́, ikọ̀ kejì nìyẹn. Ìyẹn lè dé 2. Bundesliga, àmọ́ kò lè kọjá ibẹ̀.