Ẹ Bi Wá, Ẹ Ó Gbọ́: Kákítọ́ọ̀sì Lábẹ́ Òjò Ifẹ̀

Láti ìgbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀ ni lẹ́tà ti ń wọlé lórí kákítọ́ọ̀sì àti àwọn ọ̀gbìn yòókù tó ń tọ́jú omi sára. A kó wọn lọ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbìn wọ́n ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n sì máa ń pàtẹ wọn lóṣù Èrèlé. Èsì wọn rèé.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra kákítọ́ọ̀sì roboto kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì. Ara rẹ̀ dá títí di oṣù Òkúdù, àmọ́ ní báyìí ìdí rẹ̀ ti rọ̀, ó sì ń yọ omi. Àbí omi tí mò ń bu sí i ni kò tó? — Ìyá Ìbejì, Ìjọka, Iléṣà

Ìyá wa, ẹ má bu omi kankan sí i mọ́. Ó ti ń jẹrà ni, omi náà ló sì fà á.

Ilẹ̀dú àti amọ̀ pupa ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó máa ń kì sínú ìkòkò, nítorí pé ó rọrùn fún wọn, ó sì dára fún òdòdó mìíràn. Bí òjò bá ti rin irú iyẹ̀pẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbẹ. Gbòǹgbò kákítọ́ọ̀sì sì nílò afẹ́fẹ́: tí kò bá rí i, á kú, olú tó ń mú nǹkan jẹrà á sì gba ibẹ̀ wọnú ara. Òru tiwa náà dá kún un. Lóru ni àwọn ọ̀gbìn yìí máa ń la ihò ara wọn láti gba afẹ́fẹ́ sínú, wọn a sì pa á dé lọ́sàn-án kí omi ara wọn má baà jáde. Lóṣù Òkúdù àti Agẹmọ, tí òru ń móoru tí afẹ́fẹ́ sì tutù fún omi, omi ara wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dínkù, gbòǹgbò kò sì ní fa èyí tó wà nílẹ̀. Omi á wá dúró síbẹ̀.

Tí òkè rẹ̀ bá ṣì le, ẹ ṣì lè yọ ọ́. Ẹ fi spíríìtì nu ọ̀bẹ tó mú dáadáa. Ẹ máa gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, kí ẹ máa nu ọ̀bẹ lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan, títí inú rẹ̀ á fi mọ́ láìsí àmì pupa tàbí àmì dúdú kankan. Òrùka kan wà láàárín ẹran rẹ̀ tí omi ń gbà gòkè: ibẹ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù, nítorí ibẹ̀ ni jíjẹrà ń gbà sáré. Bí àmì kan péré bá ṣẹ́kù nínú òrùka yẹn, iṣẹ́ ti bàjẹ́, ẹ tún gé e sí i. Ẹ bu imí ọjọ́ tó kúnná sójú ọgbẹ́. Tí kò bá sí, èédú tí a gún kúnná náà á ṣe é. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò ti ní pa á, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, fún ọjọ́ 10 sí 14 nígbà òjò, tàbí ọjọ́ 7 nígbà ọyẹ́, kí ojú ọgbẹ́ lè le. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lé orí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Ẹ má rì í mọ́lẹ̀. Gbòǹgbò máa ń yọ láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 6, ìgbà yẹn lẹ tó máa bomi díẹ̀.

Iyẹ̀pẹ̀ tí a máa ń pò rèé: kóńgò 2 àpáàdì tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́, kóńgò 1 iyanrìn odò, kóńgò 1 ilẹ̀dú tí a jọ̀, àti ìdajì kóńgò èédú tí a fọ́. Kí àpáàdì náà má ju mìlímítà 6 lọ, kó má sì kéré sí 3. Ẹ jọ lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ dànù, nítorí òun ló máa ń dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Iyanrìn tí àwọn bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri kò dára, ó kúnná jù. Èyí tó le, tó ń hán lọ́wọ́, ni kí ẹ wá, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Ìkòkò amọ̀ tó ti fọ́ kò wọ́n lọ́jà. (Ẹ má sì torí àpáàdì lọ máa hú ilẹ̀ Ifẹ̀ o! Èyí tí àwọn baba ńlá wa tò tẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe ti ìkòkò òdòdó.) Ẹni tó bá rí òkúta gíráníìtì wẹ́wẹ́ lè fi rọ́pò àpáàdì, ṣùgbọ́n ìkòkò á wúwo.

Ẹ da ife omi kan sí i láti fi dán an wò. Bí omi bá ṣì dúró lójú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ka ení, èjì dé ẹ̀wá, àpáàdì kò tó. Òkúta ńláńlá tí àwọn kan máa ń tò sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kò ṣe nǹkan kan, ńṣe ló ń jẹ́ kí ibi tó rin sún mọ́ gbòǹgbò. Ègé nẹ́ẹ̀tì kan lójú ihò ti tó.

Ní ti òjò fúnra rẹ̀, ẹ bá wọn wá páànù tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, kí ẹ fi bò wọ́n lórí, kí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Kí ẹ tó bomi, ẹ ti igi sùyà kan bọ inú iyẹ̀pẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ fà á yọ. Tí nǹkan kan bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi omi sílẹ̀.

Mo ra èyí tó ní orí pupa roboto lórí igi aláwọ̀ ewé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń rà. Ṣé kí n gé orí pupa náà kí n gbìn ín sílẹ̀? — Akẹ́kọ̀ọ́, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀

Àbúrò, tó o bá gbìn ín sílẹ̀ nìkan, á kú. Ọ̀gbìn méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Orí pupa yẹn, Gymnocalycium mihanovichii, kò ní àwọ̀ ewé lára, nítorí náà kò lè fi oòrùn se oúnjẹ fúnra rẹ̀. Àwọn ará Japan ló kọ́kọ́ fi í lé orí ọ̀gbìn mìíràn kó lè wà láàyè. Hylocereus tó wà nísàlẹ̀ ló ń bọ́ ọ, ẹ̀yà kan náà tó ń so èso drágọ́ọ̀nù. Ní ìlú òyìnbó, òtútù ló máa ń pa hylocereus. Níbí, ooru wa bá a lára mu, omi nìkan ni kó o ṣọ́.

Bí orí náà bá ṣì le, tún un lẹ̀. Wá ẹ̀ka hylocereus tó ti fìdí múlẹ̀ nínú ìkòkò, tó nípọn tó àtàǹpàkò, kó o gé e kù sí bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Abẹ́ tuntun ni kó o lò, kì í ṣe ọ̀bẹ ìdáná. Bẹ́ etí igun rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní dídagun, nítorí pé èèpo rẹ̀ kì í sún kì bí ẹran inú rẹ̀: tí o kò bá bẹ́ ẹ, àárín á jin, orí pupa á sì gbé. Lẹ́yìn náà, gé ìsàlẹ̀ orí pupa náà kó tẹ́jú.

Wàá rí òrùka lójú àwọn méjèèjì. Òrùka gbọ́dọ̀ kan òrùka, ó kéré tán níbi kan. Bí tòkè bá kéré sí tìsàlẹ̀, má gbé e sí àárín gan-an, sún un sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè gba orí ara wọn kọjá. Tẹ̀ ẹ́, yí i díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, kó o sì fi rọ́bà méjì dè é ní àgbélébùú láti orí dé ìdí ìkòkò. Gbé e sí òjìji. Omi kò gbọ́dọ̀ kan ojú ọgbẹ́. Tú rọ́bà náà lẹ́yìn ọjọ́ 10. Tó bá ré bọ́, ó lè jẹ́ pé abẹ́ kò mú, rọ́bà dẹ̀ jù, tàbí pé o jẹ́ kí ojú gígé gbẹ kó o tó lẹ̀ wọ́n. Láti Ṣẹ́rẹ́ sí Igbe ló dára jù láti ṣe é; nígbà òjò, ojú ọgbẹ́ kì í tètè gbẹ.

Ṣé mo lè gbé kákítọ́ọ̀sì sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n? — Lágere, Ifẹ̀

Rárá. Á na ọrùn wá ìmọ́lẹ̀, orí rẹ̀ á ṣe ṣóńṣó, bẹ́ẹ̀ ni á sì wà títí lọ. Ọ̀já kòríkò ni kí ẹ gbé síbẹ̀, ó gba ìbòji. Èyí tó bá ti pẹ́ nínú ilé, ẹ má dédé gbé e sójú oòrùn, yóò jóná funfun, àpá rẹ̀ kì í sì í lọ. Oòrùn àárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 ná, kó tó di ti ọ̀sán.

Wọ́n yọ ọ̀gbìn mi kúrò nínú ìdíje níbi ìpàtẹ tó kọjá, wọ́n ní kì í ṣe kákítọ́ọ̀sì. Ẹ̀gún kún ara rẹ̀ o! — Bàbá Bọ́ọ̀sì, Mọ̀dákẹ́kẹ́

Bàbá, ẹ̀gún kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Lára kákítọ́ọ̀sì, ìdí ẹ̀gún máa ń ní tìmùtìmù kékeré kan tó ní irun bí òwú, inú rẹ̀ ni ẹ̀gún, ọmọ àti òdòdó ti ń yọ. Ọrọ́ tí a fi ń ṣọgbà kò ní in. Ìdílé Euphorbia ni tirẹ̀. Tí a bá sá a, oje funfun ló máa ń jáde. Amẹ́ríkà, láti àríwá títí dé gúúsù, ni orírun gbogbo kákítọ́ọ̀sì. Rhipsalis baccifera nìkan ni a tún bá nínú igbó Áfíríkà láìjẹ́ pé ènìyàn gbìn ín, kò sì ní ẹ̀gún tó ṣe é tọ́ka sí.

Tí ọ̀gbìn bá wà nípìn-ín tí kì í ṣe tirẹ̀, adájọ́ kì í wo ẹwà rẹ̀ rárá. Ìpín àwọn ọ̀gbìn olómi-lára yòókù ni kí ẹ gbé e sí lọ́dún tó ń bọ̀. Ibẹ̀ náà ni ti etí erin, àbámodá, ọ̀dúndún àti pápásan wà. Àwọn èèyàn máa ń fojú di àwọn ti ilé yìí, ṣùgbọ́n àbámodá tí gbogbo ewé rẹ̀ pé, tí kòkòrò kò fẹnu kàn, kò wọ́pọ̀ lórí tábìlì ìpàtẹ.

Bàbá, ẹ wọ gíláàsì ojú bí ẹ bá ń gé ọrọ́. Oje rẹ̀ lè fọ́ ojú. Tó bá ta síni lójú, omi tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe kán epo tàbí ọtí sí i.

Nǹkan funfun bí òwú wà láàárín ẹ̀gún tèmi. Mo fọ̀ ọ́, ó tún padà wá. — Òkèrèwè, Ifẹ̀

Kòkòrò ni. Ẹ fi òwú tí a rì sínú spíríìtì tó jẹ́ ìdá 70 nínú 100 kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, lálẹ́, kí oòrùn má baà jó ara rẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọjọ́ 7 máa wà láàárín, nítorí ẹyin kì í kú lẹ́ẹ̀kan. Ẹyin tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́ ló tún mú wọn padà wá. Ẹ wo bóyá èèrà ń tò lọ tò bọ̀: èèrà ló ń kó wọn kiri nítorí ohun dídùn tí wọ́n ń yà, bí ẹ kò bá sì lé èèrà, ẹ kò tíì lé wọn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò pẹ̀lú; bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun lára gbòǹgbò, ẹ fọ gbogbo rẹ̀, ẹ da iyẹ̀pẹ̀ nù, kí gbòǹgbò gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó tún un gbìn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní London fẹ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nínú àpò. — Ìlódè, Ifẹ̀

Kó má ṣe bẹ́ẹ̀ láìníwèé. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo kákítọ́ọ̀sì ló wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1973 lórí òwò ọ̀gbìn àti ẹranko inú igbó, tí Nàìjíríà wọ̀ ní 1974. Ó nílò ìwé ìyẹn, ìwé pé ọ̀gbìn náà kò ní àrùn, àti ìwé ìyọ̀ǹda láti ọwọ́ NAQS, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń ṣọ́ àrùn ọ̀gbìn àti ẹranko lẹ́nu ibodè, kí ẹrù tó gbéra. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó gba ọmọ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́.

Kí ni àwọn adájọ́ ń wò gan-an? Ṣé èyí tó tóbi jù ló ń gbégbá orókè? — Ìrẹ̀mọ, Ifẹ̀

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n ẹnu ìkòkò la fi ń pín wọn, kí kékeré má baà bá ńlá jà. Ara tó dá ṣáṣá ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò: ṣé kò sí àpá, ṣé ẹ̀gún pé, ṣé ó dúró déédéé. Lẹ́yìn náà ni bó ṣe dàgbà tó fún irú rẹ̀, àti bó ṣe ṣòro tó láti gbìn. Lithops, ọ̀gbìn kékeré tó jọ òkúta, tó bá yè nínú òru Ifẹ̀ máa ń jẹ́ kí adájọ́ dúró wò ó, nítorí pé ọ̀gbìn aṣálẹ̀ tí òru rẹ̀ tutù ni. Melocactus, irú kákítọ́ọ̀sì roboto kan, ní tirẹ̀ kò fẹ́ òtútù rárá, ilẹ̀ wa bá a mu. Ẹni tí kò bá tíì pàtẹ rí, melocactus ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Ìmúra ti ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Ọ̀wàrà. Ẹ pààrọ̀ ìkòkò nígbà náà, ẹ má dúró di Ṣẹ́rẹ́, torí ọ̀gbìn tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì jókòó máa ń mì, adájọ́ á sì mọ̀. Láti Bélú, ẹ máa yí ìkòkò ní ìdá mẹ́rin lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kó má tẹ̀ sí apá kan. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku ni ọ̀tá: búrọ́ọ̀ṣì àtíkè tó rọ̀ ni kí ẹ fi gbọn ọ́n. Ẹ má fi òróró tàbí fasilíìnì pa ara rẹ̀ kó lè dán. Ihò tó fi ń mí lẹ ń dí, ojú adájọ́ sì ń rí i láti ẹnu ọ̀nà. Àmì omi kànga tó bá gbẹ sára rẹ̀ funfun, omi òjò ni kí ẹ máa lò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ kọ́kọ́ fọ eruku orí páànù kúrò kí ẹ tó gbe omi. Ajílẹ̀ NPK 15-15-15, ṣíbí ìpotíì kan nínú lítà 10, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, láti Igbe sí Òkúdù. Ẹ má lo yúríà, ara rẹ̀ á rọ̀, á sì ṣán.

Ẹ bomi kẹ́yìn ní ọjọ́ 10 ṣáájú ìpàtẹ, kí ìkòkò lè fúyẹ́. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ rẹ̀ sára ègé ike, nítorí bírò máa ń ṣí nínú oòrùn. Ẹni tó ń bọ̀ láti Iléṣà, kéèsì mínírà ni kó wá, ihò rẹ̀ gba ìkòkò kékeré kọ̀ọ̀kan, kó sì fi ìwé ìròyìn tó ti rún dí àyíká rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ ó fi bo ojú iyẹ̀pẹ̀, nípọn bíi sẹ̀ǹtímítà 1, ẹ kó o sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀, ibi ìpàtẹ ni kí ẹ ti bù ú sí i. Bí ẹ bá bù ú nílé, kòtò ojú títì á ti dà á nù kí ẹ tó dé.