Màmá ń ti nursing home lọ ṣe dialysis, BP wọn ń já wálẹ̀: ta ni kí n bá sọ ọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí nọ́ọ̀sì. Houston ni a wà. Màmá mi wà ní nursing home, wọ́n máa ń gbé wọn lọ ṣe dialysis (ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́) ní Tuesday, Thursday àti Saturday. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n bá ti dé báyìí òòyì á máa kọ́ wọn, BP á ti já wálẹ̀. Nursing home ní kí n lọ bi dialysis, dialysis ní kí n lọ bi nursing home. Ta ni kí n tiẹ̀ dì mú?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Mo ti ṣe nọ́ọ̀sì ní ibi méjèèjì, torí náà mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń tì í síra wọn lọ́rùn, ó sì máa ń dùn mí. Ìwé kan wà tó yẹ kó máa bá Màmá lọ kó sì bá wọn bọ̀, communication sheet la máa ń pè é. Nursing home á kọ BP àárọ̀ ọjọ́ yẹn síbẹ̀, oògùn tí wọ́n ti lò, bóyá wọ́n jẹun, bóyá wọ́n ṣubú. Dialysis náà á kọ kílò wọn kó tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó parí, bí BP ṣe ń lọ lórí ẹ̀rọ, àti oògùn tí wọ́n fún wọn. Ẹ ní kí wọ́n fi ti ọ̀sẹ̀ méjì yẹn hàn yín, tó bá ṣófo a jẹ́ pé wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo fura sí jù ni oògùn BP, tí nọ́ọ̀sì bá fún wọn láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó dé, tí ẹ̀rọ tún wá fa omi lára wọn fún bíi wákàtí mẹ́rin, BP á já ni. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá a dúró fúnra yín o, dókítà kídìnrín wọn ló máa sọ bóyá kí wọ́n máa lò ó tí wọ́n bá dé. Ẹ tún béèrè dry weight wọn, ìyẹn kílò tó yẹ kí wọ́n wọ̀n tí omi tó pọ̀ jù bá ti kúrò lára. Ṣé Màmá ti ń jẹun dáadáa sí i? Tí wọ́n bá ti sanra díẹ̀ tí dialysis ṣì ń lo kílò àtijọ́, omi tí wọ́n ń fà á ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin ọmọ lẹ máa kọ́kọ́ rí irú èyí, ẹ sọ ọ́.

Ẹni tí ẹ máa dì mú ni Director of Nursing, ìyẹn ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní nursing home, torí òfin ìjọba àpapọ̀ fi ìtọ́jú Màmá sí wọn lọ́rùn, ì báà jẹ́ ibòmíì ni dialysis ti ń ṣe é. Ẹ ní ẹ fẹ́ care plan meeting, ìyẹn ìpàdé tí wọ́n ti ń jíròrò bí wọ́n ṣe máa tọ́jú Màmá, ẹ̀tọ́ yín ni láti jókòó níbẹ̀ tí Màmá bá ti gbà, kí nọ́ọ̀sì dialysis sì wà lórí fóònù. Tí wọn ò bá dáhùn, ombudsman, ìyẹn ẹni tó ń gbèjà àwọn tó ń gbé nursing home, wà ní gbogbo ìpínlẹ̀, ESRD Network, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó ìtọ́jú dialysis, ló sì ń gbọ́ ẹjọ́ dialysis.

Tí Màmá bá dákú tàbí àyà ń dùn wọ́n, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ò dá níbi tí wọ́n gún lápá, 911 ni o, kì í ṣe mítìn.

Sátidé ni kí ẹ máa pè jù, nírọ̀lẹ́ tí wọ́n bá dé. Àwọn nọ́ọ̀sì wíkẹ́ńdì lè má mọ Màmá dáadáa, títí di Tuesday ni wọn ò sì ní padà sí dialysis.