Yíyọ ọjà kúrò nínú list nígbà tí for ṣì ń kà á

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mò ń fi Java kọ ètò ọjà fún màmá mi tó ń ta ańkárá ní Balógun. Mo fi for (àṣẹ tó ń mú nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan) ka ArrayList (irú list kan) àwọn aṣọ, mo ní kó yọ èyí tó ti tán. Nígbà mìíràn á gbé àṣìṣe ConcurrentModificationException jáde. Nígbà mìíràn kò ní wí nǹkan kan, àmọ́ aṣọ kan tó ti tán á ṣì wà níbẹ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú iṣẹ́. Màmá náà kú ọjà o.

Iterator, ohun tó ń mú nǹkan inú list wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ni for yẹn ń lò lábẹ́nú. ArrayList ní ònkà kan, modCount, tó ń lọ sókè nígbàkigbà tí nǹkan bá wọlé tàbí jáde. Iterator ti kọ iye yẹn sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bó o bá pe remove lára list, modCount á kúrò níbi tó wà, tí Iterator bá fẹ́ mú aṣọ tó kàn, iye méjèèjì ò ní bára mu, ló bá yarí, tó gbé àṣìṣe yẹn jáde. Thread (ipa tí ètò ń gbà ṣiṣẹ́) kan ṣoṣo tó o ní ti tó fún ìjà yìí.

Èyí tó dákẹ́ ló burú jù. Ó ti gba alẹ́ kan gbáko lọ́wọ́ èmi náà ní Yaba. Ká ní aṣọ márùn-ún ló wà, o sì yọ ìkẹrin. Ó ku mẹ́rin. Iterator náà ti ka mẹ́rin, ó gbà pé iṣẹ́ ti tán, kò sì yẹ ìkarùn-ún wò rárá.

Má sì sá lọ bá for oní-i, èyí tó ń fi nọ́ńbà ipò, i, ka list. Wo kọ́ńdọ́ danfo Ọbaléńdé: èrò kejì bọ́ọ́lẹ̀ ní Adékúnlé, ẹni kẹta sún sí ipò rẹ̀, kọ́ńdọ́ ti na ọwọ́ sí ìjókòó kẹta. Onítọ̀hún wọ ọkọ̀ ọ̀fẹ́ nìyẹn. Bó bá di dandan, ẹ̀yìn ni kó o ti kà á bọ̀.

Láti Java 8, ti ọdún 2014, ìlà kan ti tó láti yọ gbogbo aṣọ tí iye rẹ̀ jẹ́ òdo:

aso.removeIf(a -> a.iye() == 0);

Bó o bá níṣẹ́ mìíràn láti ṣe kó o tó yọ ọ́, bíi kíkọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí màmá lè tún un rà, fọwọ́ ara rẹ mú Iterator, pe next tó ń mú aṣọ tó kàn wá, kó o wá pe remove lára Iterator náà. Òun á tún iye tó kọ sílẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Má pe remove lẹ́ẹ̀mejì lórí next kan o.

Fi aṣọ márùn-ún dán an wò, kí ìkẹrin àti ìkarùn-ún jẹ́ òdo. Mẹ́ta ló yẹ kó kù.