Ìbéèrè Òǹkàwé: Ìgbafẹ́ Òpin Ọ̀sẹ̀ ní Erékùṣù, láti Òṣogbo

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Olùkọ́ ni mí ní Òṣogbo, nọ́ọ̀sì sì ni ọkọ mi. A ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti fi ṣe àyájọ́ ìgbéyàwó wa, ó sì wù wá kí a lọ gbafẹ́ ní erékùṣù kékeré kan, níbi tí yanrìn àti igi àgbọn bá wà, pẹ̀lú ọmọ wa ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Àyè tí ọkọ mi lè rí gbà lẹ́nu iṣẹ́ kò ju láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú lọ. Zanzibar ni òun ń wí. Èmi sì ń ro oṣù kẹjọ, nígbà tí ilé-ìwé bá wà ní ìsinmi. Kò sí ẹni tí ó ti dé etí òkun rí nínú wa. Báwo ni kí a ti ṣe é? — Ìyá Àyọ̀, Àlékúwodò, Òṣogbo.

ÈSÌ: Ẹ kú oríire àyájọ́ ìgbéyàwó o, Ìyá Àyọ̀. Inú mi dùn pé ẹ bèèrè kí ẹ tó fowó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ Zanzibar kúrò nílẹ̀. Erékùṣù tí ó rẹwà ni, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè Tanzania ní ìlà-oòrùn Áfíríkà ni ó wà, ẹ ó sì pààrọ̀ ọkọ̀ òfuurufú lójú ọ̀nà kí ẹ tó dé ibẹ̀. Gbogbo àkókò tí ẹ ní kò tó 60 wákàtí, ọ̀nà ni ìbá sì gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí Ọlọ́run bá fún ọkọ yín ní ìsinmi ọjọ́ márùn-ún lọ́jọ́ iwájú, Gorée ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ: erékùṣù tí kò ju nǹkan bí 28 hẹ́kítà lọ, tí ó kọjú sí ìlú Dakar ní Senegal, tí mọ́tò kì í rìn níbẹ̀ rárá, tí ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé èrò dé láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ Senegal. Àmọ́ ti òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, Èkó ni kí ẹ lọ.

Ní ìwọ̀-oòrùn ẹnu ibùdókọ̀ ojú omi Èkó, ilẹ̀ yanrìn tóóró kan wà tí ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀, tí òkun sì wà níwájú rẹ̀. Orí ilẹ̀ yìí ni Tarkwa Bay wà, ibẹ̀ náà ni Ilashe wà, ọkọ̀ ojú omi ni èrò sì ń wọ̀ débẹ̀. Etíkun tí àwọn ènìyàn ń lọ láàárọ̀ tí wọ́n sì ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ ni Tarkwa Bay. Ilashe ní tirẹ̀ ní àwọn ilé ìgbafẹ́ tí ènìyàn lè háyà fún òru kan tàbí méjì, tí ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ilashe ni mo yàn fún yín, nítorí tọkọtaya tí ń ṣe àyájọ́ yẹ kí wọ́n sùn níbi tí wọn yóò ti máa gbọ́ ìró ìgbì, kí wọ́n sì jí bá yanrìn tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tíì tẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ ni pé, láti ìpadàbọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ètò yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ṣètò àlọ dáadáa, wọn a sì fi àbọ̀ sílẹ̀ fún ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àbọ̀ ni ó ń ba irú ìgbafẹ́ yìí jẹ́. Ẹ bi ara yín pé: aago mélòó ni ọkọ yín gbọ́dọ̀ wà nílé ní ọjọ́ Àìkú? Bí ó bá jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ máa ka wákàtí náà padà sẹ́yìn. Ọ̀nà láti Èkó dé Òṣogbo lé ní 200 kìlómítà, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni ní ọjọ́ Àìkú, pàápàá nígbà tí àwọn ìjọ bá ń ṣe ìpàgọ́ lójú ọ̀nà náà. Nítorí ìdí èyí, ọkọ̀ ojú irin ni mo fọwọ́ sí. Láti ọdún 2021 ni ó ti ń gbé èrò láàárín Moniya ní Ìbàdàn àti Èbúté Mẹ́ta ní Èkó, ìrìn 157 kìlómítà tí ó ń gbà á ní wákàtí méjì àti díẹ̀. Ẹ wọ mọ́tò láti Òṣogbo dé Ìbàdàn, kí ẹ gba Ọ̀jọ́ọ̀ dé Moniya. Ẹ yẹ àkókò tí ọkọ̀ ń gbéra wò nínú ọ̀sẹ̀ náà gan-an, nítorí wọ́n a máa yí i padà, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ pọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ ó rí i nígbà náà pé òru kan péré ni ẹ ó sùn ní erékùṣù. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ó dùn yín. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ẹ ó dé Èkó, ilẹ̀ yóò sì ti máa ṣú. Ẹ sun ìlú Èkó mọ́jú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má wọ ọkọ̀ ojú omi lálẹ́, bí ó ti wù kí ẹni tí ń wà á fi yín lọ́kàn balẹ̀ tó, nítorí pàǹtí àti igi tí ó léfòó lórí ọ̀sà kò ní iná lára. Ẹ tètè dé èbúté ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tíì gbéra, tí omi sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí ó sì tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kí ẹ ti padà sí Èkó.

Bí ẹ bá ń háyà ilé, ẹ bèèrè lẹ́sẹẹsẹ bóyá owó tí wọ́n dá lé e kan ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, epo jẹnẹrétọ̀, àti ẹni tí yóò se oúnjẹ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó ìdúró, ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọn yóò dá a padà. Kí ẹni náà pè yín lórí fídíò láti inú ilé náà, kí ẹ rí ibùsùn, kí ẹ rí omi tí ń dà lẹ́nu ẹ̀rọ, kí ẹ tó sanwó. Àwòrán nìkan kò tó.

Ní ti oṣù kẹjọ, mo rọ̀ yín kí ẹ sún un síwájú. Lóòótọ́ ni òjò máa ń dá díẹ̀ nínú oṣù náà, ṣùgbọ́n òkun kì í tíì rọ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án ni ìgbì máa ń le jù ní etíkun wa, nítorí ìjì tí ń jà lọ́nà jíjìn ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì ni ó ń tì í bọ̀. Ìparí oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ fún yín: òjò ti lọ, èrò ọdún Kérésìmesì kò tíì dé, kùrukùru ọyẹ́ kò sì tíì máa bo ojú ọ̀sà láàárọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, àwọn ọmọ mi méjèèjì ti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan níhìn-ín ní Òṣogbo. Ṣé mo lè jẹ́ kí wọ́n wọ òkun bí a bá dé Èkó? — Bàbá Ṣadé, Òkè-Fìà.

ÈSÌ: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ ojú òkun gbalasa, sà. Omi òtẹ́ẹ̀lì dúró sójú kan. Omi òkun ń lọ, ó ń bọ̀. Gbogbo omi tí ìgbì bá gbé wá sí etíkun gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà sí agbami, ó sì sábà máa ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan padà pẹ̀lú agbára. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni ó máa ń dà bí ẹni pé ó parọ́rọ́, nítorí ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀ tó bí ó ti ń fọ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ibẹ̀ ni àjèjì sì máa ń yàn láti wọlé. Bí omi náà bá gbé ènìyàn, kí ó má ṣe bá a jà láti padà tààrà sí etíkun, nítorí àárẹ̀ ni ó ń pa òmùwẹ̀. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etíkun, títí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí agbára kò bá sí, kí ó léfòó, kí ó sì máa juwọ́.

Tarkwa Bay ni kí ẹ mú wọn lọ. Òkúta tí wọ́n tò láti dáàbò bo ẹnu ibùdókọ̀ ojú omi Èkó ń gba ìgbì mú níbẹ̀, omi rẹ̀ sì rọ̀ ju ti ojú òkun lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ wà nínú omi pẹ̀lú wọn. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ má gba ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà àgbàlagbà fún ọmọdé. Ẹ dè é mọ́ ọmọ lára, kí ẹ di èjìká ẹ̀wù náà mú, kí ẹ fà á sókè: bí ó bá gòkè dé etí ọmọ, ó tóbi jù, yóò sì bọ́ lọ́rùn rẹ̀ nínú omi. Bí ọlọ́kọ̀ kò bá ní èyí tí ó bá a mu, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn.

ÌBÉÈRÈ: Ǹjẹ́ a lè fi òpin ọ̀sẹ̀ kan náà dé Àgbádárìgì, kí àwọn ọmọ rí erékùṣù tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ? — Òǹkàwé yín ní Ọ̀gọ-Olúwa.

ÈSÌ: Ìrìn-àjò ọ̀tọ̀ nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ ya òpin ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Gberefu tí ẹ ń wí kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ tí a ń yà bí ẹni ya ilé ọ̀rẹ́. Láti Àgbádárìgì ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kó àwọn ẹrú sọdá ọ̀sà, tí wọn a sì fẹsẹ̀ rìn lórí yanrìn dé etí òkun níbi tí ọkọ̀ àwọn òyìnbó ń dúró sí. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà tí ìtàn àwọn ará ibẹ̀ sọ pé wọ́n ń mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ sun Àgbádárìgì mọ́jú, kí ẹ sọdá láàárọ̀ pẹ̀lú afinimọ̀nà, nítorí yanrìn yẹn máa ń gbóná janjan lọ́sàn-án, kò sì sí ibòji púpọ̀ lójú ọ̀nà. Kí gbogbo yín wọ bàtà, kí ẹ sì gbé omi mímu dání. Bí ẹ bá padà sọdá, ẹ lè fi ìyókù ọjọ́ náà wo ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní ọdún 1845, àti àwọn yàrá tí wọ́n ń ti ẹrú mọ́ ní agboolé Seriki Abass.