Èdè Wo Ni Wọ́n Fi Ń Tọrọ Ìbò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òṣèlú ni mí, mo sì ń yẹ ìkànnì àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà kí ilẹ̀ wọn dá dúró wò, bíi Plaid Cymru ní Wales àti SNP (Scottish National Party) ní Scotland, ilẹ̀ méjì tó wà nínú ìjọba Britain pẹ̀lú England. Ó yà mí lẹ́nu pé èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè àwọn tí wọ́n fẹ́ kúrò lábẹ́ wọn gan-an, ni wọ́n fi ń bá olùdìbò sọ̀rọ̀ jù. Ṣé ẹni tó ń pariwo pé òun ń jà fún ilẹ̀ baba òun tún lè máa fi èdè ẹlòmíràn polówó ara rẹ̀?
Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rọ̀ rú lójú

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ wọn kò rí bákan náà. Ti SNP kò le rárá. Ìkànìyàn ọdún 2011 fi hàn pé nǹkan bí 57,000 ènìyàn ló ń sọ èdè Gaelic, èdè àbáláyé kan níbẹ̀, ní Scotland, díẹ̀ ló sì fi lé ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Orí òfin, ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọ tó jẹ́ ti Scotland fúnra rẹ̀ ni ìfẹ́ ilẹ̀ wọn dúró lé jù. Kódà, ìjọba àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ló ṣe òfin èdè Gaelic ti ọdún 2005, kí SNP tó gorí àlééfà ní 2007. Ẹgbẹ́ tí kò fi èdè ṣe òpó ilé rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè bó bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìkànnì rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Plaid Cymru ni ìbéèrè yín ti mú. Ní ìlú Pwllheli ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1925, ìgbàlà èdè Welsh, èdè ìbílẹ̀ Wales, ló sì jẹ Saunders Lewis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lógún ju ohunkóhun lọ. Welsh ni wọ́n fi ń ṣe ìpàdé, Welsh náà ni wọ́n fi kọ ìwé ìròyìn wọn, Y Ddraig Goch. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dupò ilé aṣòfin ní 1929, ìbò 609 péré ni Lewis Valentine, olùdíje wọn, rí ní Caernarfonshire, bẹ́ẹ̀ àárín àwọn tó ń sọ Welsh ló ti dupò. Ẹ fi ọkàn sí ìyẹn, nítorí ó fi hàn pé ẹni tó gbọ́ èdè rẹ yé lè má dìbò fún ọ síbẹ̀. Ní 1932 ni wọ́n fi ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kún ti Welsh, ohun tí ẹ sì ń rí lórí ìkànnì lónìí, ọmọ ìpinnu ọjọ́ náà ni.

Ẹ wo bí ilẹ̀ náà ti rí. Nínú ìkànìyàn ọdún 2021, àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sókè tó ń sọ Welsh jẹ́ ìdá 17.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Gwynedd, Ynys Môn àti Ceredigion, níbi tí èdè náà ti rinlẹ̀, ni Plaid Cymru ti lágbára tipẹ́, àmọ́ àwọn àfonífojì ìlú awakùsà ní gúúsù, tí Gẹ̀ẹ́sì ti gbilẹ̀, ni ìbò pọ̀ sí. Leanne Wood, tó darí ẹgbẹ́ náà láti 2012 sí 2018, ọmọ Rhondda, ọ̀kan nínú àwọn àfonífojì náà, ni; lẹ́yìn tó dàgbà ló tó kọ́ Welsh, òun ló sì gba àga Rhondda ní ilé aṣòfin Wales lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Labour ní 2016. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ náà fi ní àdírẹ́sì méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, plaid.cymru fún Welsh àti partyof.wales fún Gẹ̀ẹ́sì. Ilé kan náà ni, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni méjì.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ni jù ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àgbàlagbà tó ń ka Welsh ló ń ka Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Kí wá ni iṣẹ́ ojú ìwé Welsh, nígbà tí kò sí ẹni tó nílò rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó yé e? Ọ̀wọ̀ ni, lójú tiwa. Ẹgbẹ́ náà ń fi owó àti àkókò sọ fún àwọn tó ti jẹ́ tirẹ̀ pé òun kò gbàgbé wọn. Ti Gẹ̀ẹ́sì ló ń tọrọ ìbò lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì dá lójú.

Catalonia, apá kan orílẹ̀-èdè Spain tó ní èdè tirẹ̀, Catalan, tún fi ọgbọ́n mìíràn hàn. Níbẹ̀, àwọn tó ń lo èdè Sípéènì lójoojúmọ́ pọ̀ ju àwọn tó ń lo Catalan lọ, ẹgbẹ́ ERC, tó fẹ́ kí Catalonia dá dúró, sì fi Gabriel Rufián, ọmọ ìdílé tó ṣí wá láti Andalusia, ṣe agbẹnusọ rẹ̀ ní ilé aṣòfin ní Madrid. Èdè Sípéènì ló fi ń jà fún òmìnira Catalonia. Ti Québec, ìpínlẹ̀ kan ní Canada, yàtọ̀, nítorí Faransé ni èdè àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀. Parti Québécois, ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí Québec dá dúró, lè wọlé láìfi Gẹ̀ẹ́sì bẹ ẹnikẹ́ni, bó ti ṣe ní 1976.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ dákun, ṣé ojú ìwé méjì kò ní jẹ́ kí ẹgbẹ́ máa sọ ọ̀tọ̀ fún ará ilé, kí ó sì máa sọ ọ̀tọ̀ fún àlejò?
Òǹkàwé yín tòótọ́

ÌDÁHÙN: Ní Wales, ìyẹn ṣòro, torí ẹni tó ń ka Welsh yóò ka Gẹ̀ẹ́sì náà, yóò sì rí irọ́ náà kíá. Ìyàtọ̀ tó lè wà ni èyí tí wọ́n gbé ṣíwájú àti èyí tí wọ́n tì sísàlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹgbẹ́ kan ti ka èdè rẹ̀ sí, ẹ má ṣe wo ìkíni àti àmì ẹgbẹ́, nítorí ìyẹn kò náni ní nǹkan kan. Ìwé ìlérí ìdìbò àti ibi tí wọ́n ti ń gba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ni kí ẹ ṣí, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n pé ní èdè méjèèjì.