Ṣé mùsùlùmí lè so aáyù mọ́ fèrèsé nítorí manananggal?

Ìbéèrè: Àsàlámù aláékún, Àáfà wa. Manila ní Philippines ni mo ń gbé. Ọmọ ibẹ̀ ni ìyàwó mi, ó ti gba Ìsìláàmù, ó sì wà nínú oyún. Ìyá rẹ̀, tí kì í ṣe mùsùlùmí, so aáyù àti ìrù ẹja kan mọ́ fèrèsé wa nítorí manananggal. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tún ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé bí mo ṣe ń rù yìí, àfàìmọ̀ kí ìyàwó mi má jẹ́ mandurugo. Kí ni ẹ̀sìn wí?

Ìdáhùn: Wa aláékúmú sàlámù. Ọlọ́hun á sọ aya yín kalẹ̀ láyọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yé àwọn tó kù: àwọn Tagalog, ẹ̀yà kan ní Philippines, a máa sọ pé manananggal jẹ́ obìnrin tó ń já sí méjì ní ìbàdí lóru. Apá òkè á hu ìyẹ́ bíi ti àdán, á fò lọ sórí òrùlé aláboyún, á na ahọ́n tín-ín-rín wọlé láti fa ẹ̀jẹ̀ ọlẹ̀. Bí ẹnìkan bá da iyọ̀ tàbí eérú sí ìdajì tó fi sílẹ̀, kò ní lè so pọ̀ mọ́. Mandurugo ní tirẹ̀, arẹwà ni lójú ọ̀sán. Á lọ́kọ, á sì máa mu ẹ̀jẹ̀ ọkọ náà díẹ̀díẹ̀ lóru.

Àlùjànnú wà, odindi súrà kan ló ń jẹ́ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn Lárúbáwá àtijọ́ náà ní iwin aṣálẹ̀ tó ń paradà, tí wọ́n ń pè ní ghūl, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì sọ nínú hádíìsì tó wà nínú ìwé Sahih Muslim pé kò sí ghūl. Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ní agbára tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ló fagi lé, kì í ṣe àlùjànnú fúnra rẹ̀.

Ẹ tú aáyù àti ìrù yẹn kúrò. Nínú hádíìsì Uqbah ọmọ Aamir, ẹni tó bá so ońdè ti ṣẹbọ. (Àwa tí à ń fi pín-ìnnì há aṣọ aláboyún lọ́sàn-án gangan, ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀kan náà ni.) Ẹ má jù ú nù lójú àna yín o, ẹ jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá a sọ ọ́ wẹ́rẹ́. Ẹ fi aáyù sebẹ̀, kò léèwọ̀, kí ẹ ṣáà má gbé òórùn rẹ̀ wọ mọ́sálásí.

Àyétùl Kúrúsíyù ni kí ẹ máa kà bí ẹ bá fẹ́ sùn, pẹ̀lú Fálàkì àti Náásì. Bí ọmọ bá dé, ẹ máa ṣe àdúà tí Ànábì ń ṣe fún Hasan àti Husayn, èyí tí Ànábì Ibrahim ti ṣe fún Ismail àti Ishaq: kí gbólóhùn Ọlọ́hun tó pé ṣọ́ wọn lọ́wọ́ gbogbo èṣù, kòkòrò olóró àti ojú burúkú.

Ẹ̀fẹ̀ ibi iṣẹ́ yín ló bà mí lẹ́rù jù. Ìtàn mandurugo kan wà tí àwọn ọkọ ń kú léraléra. Èyí tó fẹ́ ẹ kẹ́yìn gbé ọ̀bẹ sùn, ó gún ohun tó wá bà lé e lọ́rùn nínú òkùnkùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n bá lókùú, ojú ọ̀bẹ láyà. Àwọn tó ń sọ ọ́ ní ọkùnrin náà ṣẹ́gun. Lójú tèmi, ọkọ ló pa aya rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ìyá arúgbó ní àjẹ́ nílé wa níhìn-ín, tí wọ́n á lé e jáde. Ọlọ́hun ní kí a jìnnà sí ọ̀pọ̀ àbá dídá, pé apá kan rẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ni (Súrà 49, gbólóhùn 12).

Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò fẹ́ ẹ̀fẹ̀ yẹn mọ́. Ní ti rírù, ẹ lọ rí dókítà.